Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Bí Àwọn Yunifásítì Etíkun Amẹ́ríkà Ṣe Kọ́ Láti Múra Akẹ́kọ̀ọ́ Sílẹ̀ De Ìjì Òkun

Ní etíkun gúúsù àti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, nǹkan méjì ló máa ń bọ́ sí àkókò kan náà lọ́dọọdún. Èkíní ni ìjì òkun, ìyẹn ìjì ńlá tó ń yí bírí lórí omi gbígbóná, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní họ́ríkéènì, tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń ṣọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá, tó sì máa ń le jù lọ láti àárín oṣù Kẹjọ wọ oṣù Kẹwàá. Èkejì ni ìwọlé ọdún ẹ̀kọ́ tuntun ní àwọn yunifásítì, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì gbé ibòmíràn rí yàtọ̀ sí ilé òbí wọn máa ń kó ẹrù dé ìlú tí wọn kò mọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àárín tàbí ìparí oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń wọlé, sáà àkọ́kọ́ a sì na kọjá Kérésìmesì wọ oṣù Kìíní. Láàrin 1960 sí 1980 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yí ètò náà padà kí ìdánwò lè parí kí àwọn ọmọ tó lọ sílé ṣe ọdún Kérésì, ìwọlé sì ti ipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sí oṣù Kẹjọ. Ètò tuntun yìí tu òbí àti olùkọ́ lára, ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sí ẹnu ìjì gan-an, ọ̀sẹ̀ tí ọmọ náà kò tíì mọ ọ̀nà, tí kò tíì ní ọ̀rẹ́, tí kò sì mọ àdúgbò tí omi ti máa ń kún.

Láti inú ìpàdé nǹkan méjì yìí ni mímúra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ de ìjì ti di iṣẹ́ tó dá dúró ní àwọn ọgbà yunifásítì etíkun, tó ní òṣìṣẹ́ àti ìwé ètò tirẹ̀. Ìtàn iṣẹ́ náà kò ṣeé sọ bí ìtàn ìmọ̀ ẹ̀fúùfù nìkan. Ìtàn méjì ni, ẹsẹ̀ wọn kò sì dọ́gba: ìtàn bí ènìyàn ṣe mọ ìjì, tó ti ń sáré lọ síwájú láti nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, àti ìtàn bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe mọ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ibi tí yóò sá lọ, tó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Nínú àlàfo tó wà láàrin àwọn méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ìnira tí a óò kà níhìn-ín ti ṣẹlẹ̀.

Ó yẹ ní àfiyèsí pé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni sísọ àsọtẹ́lẹ̀ ìjì òkun ti bẹ̀rẹ̀. Ní Havana, olú-ìlú Kúbà, àwọn àlùfáà Jésúìtì, ìyẹn ẹgbẹ́ àlùfáà ìjọ Kátólíìkì tí a mọ̀ mọ iṣẹ́ ìkọ́ni, dá ilé-ẹ̀kọ́ Belén sílẹ̀ ní 1854, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ibùdó ìṣọ́ ojú ọ̀run mọ́ ọn. Benito Viñes, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Spéènì, di olórí ibùdó náà ní 1870. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wo ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ga jù lọ lójú ọ̀run, kí ó kíyè sí ibi tí ó ti ń fọ́n ká wá, kí ó fi í wé ohun tí irinṣẹ́ tó ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́ sọ, kí ó sì pa á pọ̀ mọ́ ìròyìn tí àwọn atukọ̀ mú wá àti èyí tí wọ́n fi wáyà tẹ̀ ránṣẹ́ láti àwọn erékùṣù mìíràn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 1875, ó kìlọ̀ fún àwọn ará Kúbà pé ìjì ń bọ̀, ìkìlọ̀ tí àwọn òpìtàn ojú ọjọ́ kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Títí ó fi kú ní 1893, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kì í fẹ́ kúrò ní èbúté bí Belén bá ti sọ̀rọ̀.

Erékùṣù Kúbà yìí kan náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n ń jẹ́ Lùkùmí níbẹ̀, ti ń bọ Ọya, olúwa ẹ̀fúùfù, ní ìgbà ayé Viñes. Afẹ́fẹ́ tí Viñes àti àwọn Lùkùmí ń dojú kọ, ọ̀nà tí àwọn Lùkùmí gbà dé ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ gbà dé, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìjì òkun tó le jù lọ máa ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbì afẹ́fẹ́ àti òjò tó gba ojú ọ̀run Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá sórí òkun Àtìláńtíìkì, tí yóò sì máa gba agbára lára omi gbígbóná bí ó ti ń kọjá erékùṣù Cape Verde lọ.

Ìmọ̀ Belén ni ìjọba Amẹ́ríkà tì sẹ́yìn ní 1900. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà gba Kúbà lọ́wọ́ Spéènì lójú ogun 1898, ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ tó wà ní Washington kò fẹ́ kí ẹlòmíràn máa sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìjì, wọ́n sì dí ọ̀nà wáyà mọ́ ìkìlọ̀ àwọn ará Kúbà. Nígbà tí ìjì kan kọjá lórí Kúbà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn ará Havana gbà pé ìhà Texas ni ó ń lọ. Washington ní yóò yà sí Florida kí ó sì gun etíkun Àtìláńtíìkì lọ sókè. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, ìjì bọ́ sórí Galveston, ìlú erékùṣù kan ní Texas tí ilẹ̀ rẹ̀ tó ga jù lọ kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án sí ojú òkun, omi sì ru sókè tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15. Kò dín ní 6,000 ènìyàn tó kú. Ọ̀pọ̀ òpìtàn tilẹ̀ gbà pé wọ́n tó 8,000. Títí di òní, kò sí àjálù ojú ọjọ́ mìíràn tó pa tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Láti 1891 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Texas ti wà ní erékùṣù náà. Ilé bíríkì pupa rẹ̀ fara gbọgbẹ́ ṣùgbọ́n kò wó, àwọn aláṣẹ sì pinnu pé wọn kò ní tì í, wọn kò sì ní gbé e kúrò; kí ọdún náà tó parí, ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ padà. Àwọn ọmọ tí kò ní olùgbèjà ni ìjì náà jẹ run. Ní ilé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí ti St. Mary, tó wà létí omi, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń tọ́jú àwọn ọmọ fi okùn ìsáṣọ so wọ́n mọ́ ìbàdí ara wọn kí omi má baà pín wọn níyà. Obìnrin mẹ́wàá àti 90 ọmọ ni omi gbé lọ. Ọmọkùnrin mẹ́ta péré ló yè. Lẹ́yìn àjálù náà, Galveston mọ odi kọnkéré tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 17 sí etí òkun láàrin 1902 sí 1904, wọ́n sì bu yanrìn gbé ilẹ̀ ìlú sókè. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì gba ẹ̀mí là nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n ó tún fi ìdí èrò kan múlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé odi ni ìdáhùn sí ìjì, pé bí ilé bá ti le tó, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti rí ààbò.

Yunifásítì Miami ní tirẹ̀, ìjì ló bá a nínú aṣọ ọlẹ̀. Ọdún 1925 ni wọ́n fún un ní ìwé ìdásílẹ̀, nígbà tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ ń rọ́ lọ sí gúúsù Florida, wọ́n sì fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé àkọ́kọ́ lélẹ̀ ní Coral Gables ní oṣù Kejì 1926. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án 1926, nígbà tí ìwọlé àkọ́kọ́ kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ mọ́, ìjì ńlá gba àárín Miami kọjá. Púpọ̀ nínú àwọn ará ìlú náà jẹ́ àlejò tí kò rí ìjì òkun rí, wọn kò sì mọ̀ pé ó ní ojú, ìyẹn àgbègbè àárín rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti máa ń dákẹ́ lójijì. Nígbà tí ojú náà dé, wọ́n jáde wá wo ohun tó bàjẹ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ gba orí afárá kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì kejì ìjì náà ká wọn mọ́ ìta. Aláboójútó ojú ọjọ́ ìlú náà sáré jáde, ó ń pariwo pé kí wọ́n padà wọlé, ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn kan kò tó. Ikú tí ìmọ̀ díẹ̀ ì bá dí lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ ikú ọjọ́ náà, kò sì sí ẹ̀rí tó lágbára jù ú lọ pé ẹ̀kọ́ fún àlejò ni ìpìlẹ̀ ìmúrasílẹ̀. Yunifásítì náà wọlé ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, nínú ilé kan tí wọ́n fẹ́ fi ṣe hòtẹ́ẹ̀lì tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́ pín sí yàrá. Egungun ilé àkọ́kọ́ tí ìjì ká mọ́ ẹnu iṣẹ́ dúró bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún, àwọn eléré ìdárayá yunifásítì náà sì ń jẹ́ Họ́ríkéènì títí di òní.

Láàrin ìgbà náà sí òpin ọgọ́rùn-ún ọdún náà, ìmọ̀ ìjì fò lọ sókè. Ní 1943, Joseph Duckworth, ọ̀gá ọmọ ogun òfuurufú, mọ̀ọ́mọ̀ wa ọkọ̀ wọ inú ìjì òkun kan ní Texas, ó sì jáde láàyè. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú wọn agbára ìjì láti inú rẹ̀. Ní 1953 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ obìnrin pe ìjì òkun Àtìláńtíìkì, orúkọ ọkùnrin sì dara pọ̀ ní 1979. Sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ àkọ́kọ́ gòkè ní oṣù Kẹrin 1960, kò sì sí ìjì tó tún lè fara pa mọ́ sí àárín òkun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Herbert Saffir, ẹnjiníà, àti Robert Simpson, tí ìjì 1919 bá ní ọmọdé ní Corpus Christi, gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ tó pín ìjì sí ìpele kan sí márùn-ún gẹ́gẹ́ bí agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ibùdó Ìjọba Àpapọ̀ fún ìjì òkun, tó ń kéde ibi tí ìjì ń lọ, ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Àgbáyé ti Florida ní ẹ̀yìn Miami láti 1995, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ìjì tún padà sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ kò bá a sáré bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn méjì ni ìmọ̀ràn tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sábà ń fún wọn kó sí: kí ẹni tó lè lọ sílé máa lọ, kí ẹni tí kò lè lọ wọ ilé tó le jù lọ nínú ọgbà. Nígbà tí ìjì Andrew wọ gúúsù Florida ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1992, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun Yunifásítì Miami ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, nínú ilé ìgbé wọn ni wọ́n sì ti gbọ́ bí òrùlé àti igi ṣe ń ya, lẹ́yìn èyí tí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìmọ̀ràn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ sílé gbà pé ilé wà nítòsí, pé ọkọ̀ wà, pé owó epo tàbí ti ọkọ̀ òfuurufú wà lọ́wọ́. Nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ní àwọn ọdún 1970 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1980, nígbà tí owó epo rọ̀bì àti ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ìjọba ń gbé àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà lọ sí Amẹ́ríkà, Houston jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí wọ́n pọ̀ sí jù lọ, pàápàá ní Yunifásítì Gúúsù Texas, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìjì Alicia kọlu Houston ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ 1983. Fún ọmọ Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tó wà níbẹ̀, òkun Àtìláńtíìkì odindi ló wà láàrin rẹ̀ àti ilé tí ìmọ̀ràn náà ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá ní ìbátan tàbí ará ìlú rẹ̀ ní Dallas a máa rí ibi yà sí, nítorí pé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ àti ìjọ a máa ṣe iṣẹ́ tí ìwé ètò ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣe. Ẹni tí kò ní, inú yàrá rẹ̀ ni yóò jókòó sí.

New Orleans, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ni ìtàn méjèèjì ti kọlu ara wọn. Ìlú náà wà láàrin odò Mississippi àti ọ̀sà Pontchartrain, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ, tó fi jẹ́ pé bèbè, ìyẹn òkìtì amọ̀ àti ògiri kọnkéré tí wọ́n mọ yí i ká, ni kì í jẹ́ kí omi bò ó. Ewu rẹ̀ kì í ṣe àṣírí. Ní oṣù Keje 2004, àwọn aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ péjọ ní Baton Rouge, wọ́n fi ìjì àfinúrò kan tí wọ́n pè ní Pam dán ara wọn wò, wọ́n sì rí i pé omi yóò bo ìlú náà, pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò ní ọkọ̀ yóò há sínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìjì Ivan súnmọ́ tòsí. Ọkọ̀ dí ojú ọ̀nà fún wákàtí gbọọrọ kí ìjì náà tó yà sí Alabama. Ìpínlẹ̀ Louisiana fi èyí kọ́gbọ́n, wọ́n tún ètò wọn ṣe kí apá méjèèjì ọ̀nà márosẹ̀ lè kọjú sí ìta ìlú ní àkókò ìjì. Yorùbá ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ètò tuntun náà dára fún ẹni tó ní mọ́tò. Arọ inú òwe náà kò sí nínú rẹ̀, nítorí ọgbọ́n arọ kò lè gbé e ní ìrìn àjò tó gùn tó bẹ́ẹ̀ àfi bí ẹlẹ́sẹ̀ kan bá gbé e.

Sátidé ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 2005 ni ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń kó ẹrù wọ Yunifásítì Tulane ní New Orleans. Títí di ọ̀sán Jímọ̀, àsọtẹ́lẹ̀ ṣì ń tọ́ka ìjì Katrina sí ìhà Florida. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ó yí sí Mississippi àti Louisiana. Scott Cowen, ààrẹ yunifásítì náà, kó òbí àti ọmọ jọ, ó kí wọn káàbọ̀, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ. Àwọn tí òbí wọn wà níbẹ̀ kó ẹrù padà sínú mọ́tò. Nǹkan bí 600 tí kò ní ibi tí wọ́n lè lọ ni yunifásítì kó sínú bọ́ọ̀sì lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Jackson ní Mississippi, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń kàwé láti ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tó gba àlejò wọ̀nyí sínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá rẹ̀. Ètò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá, òun ló sì mú kí ó yọrí sí rere. Ìjì lé wọn dé Jackson, ó pa iná ibẹ̀, wọ́n sì tún ní láti kó wọn síwájú sí i kí wọ́n tó lè túká sílé.

Yunifásítì Dillard, tó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú, kó àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Centenary ní Shreveport, ní òkè ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀sì wọn gbiná lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n ẹrù àwọn ọmọ inú rẹ̀ jóná, àwọn kan sì dé ibi ìsádi pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn nìkan. Ní Yunifásítì Xavier, tí Katharine Drexel dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, tó sì lókìkí nínú ẹ̀kọ́ àpòògùn, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tí kò ráyè lọ wà nínú ilé ìgbé nígbà tí bèbè já ní ọjọ́ 29, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láàrin omi kí ọkọ̀ ojú omi àti bọ́ọ̀sì tó wá kó wọn. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà ló wà lábẹ́ omi, ènìyàn tó lé ní 1,300 sì kú. Kì í ṣe pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó há kò mọ ohun tó ń bọ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn gbọ́. Owó tí wọ́n ní, iye bọ́ọ̀sì tó wà ní ìlú náà, àti iye ọmọ tí òbí wọn lè sanwó ọkọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ kan ṣoṣo ló yàtọ̀.

Àwọn yunifásítì náà kò lè ṣe sáà kankan ní ìlú náà títí ọdún fi parí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn túká sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba owó ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan nínú ìwà ọ̀làwọ́ tó tóbi jù lọ nínú ìtàn ẹ̀kọ́ gíga orílẹ̀-èdè náà. Ohun tó dà wọ́n láàmú ni ìwé ẹ̀rí, nítorí pé àkọsílẹ̀ máàkì wọn wà nínú kọ̀ǹpútà ní ìlú tí kò ní iná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ìṣòro tiwọn: físà wọn so wọ́n mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan pàtó, kò sì fún wọn láyè láti ṣe iṣẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ti pa tì, tí owó sì ti tán, oṣù Kọkànlá 2005 ni ìjọba àpapọ̀ tó dẹ òfin náà fún wọn. Ní oṣù Kìíní 2006 àwọn ọgbà ṣí padà. Inú hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan létí odò ni Dillard ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní sáà náà, tí wọ́n ń sùn ní òkè tí wọ́n sì ń kàwé ní yàrá ìpàdé. Yunifásítì Gúúsù ní New Orleans, tí omi wọ gbogbo ilé rẹ̀, lo ilé alágbèéká tí ìjọba gbé wá.

Láti inú ìrora yìí ni ètò tí a mọ̀ lónìí ti jáde. Àwọn yunifásítì New Orleans ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ètò ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ìjì tó yọjú rárá: ibi tí yóò lọ, ẹni tí yóò bá lọ, ọkọ̀ tí yóò wọ̀, nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè. Àǹfààní pàtàkì ìwé yìí ni pé ó ń fi hàn ilé-ẹ̀kọ́ iye ọmọ tí kò ní ibi tí wọ́n lè lọ, kí ó lè háyà bọ́ọ̀sì fún wọn, kí ó sì bá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tó jìnnà sí òkun ṣe àdéhùn ibùsùn. Wọ́n ń kọ́ wọn láti kó ìwé ìrìnnà, ìwé físà, oògùn tí dókítà kọ àti kọ̀ǹpútà àgbélétan sínú àpò kan. Wọ́n tún ń kọ́ wọn pé kí wọ́n kó oúnjẹ kúrò nínú fíríìjì, kí wọ́n yọ gbogbo wáyà iná, kí wọ́n gbé ẹrù kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n má sì fi mọ́tò sílẹ̀ ní ibi tó rẹlẹ̀. Ẹni tí yóò dúró ní láti ní gálọ́ọ̀nù omi kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ máàkì ti ní ẹ̀dà ní ìlú mìíràn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2008 sì fi dandan lé e pé kí yunifásítì kéde ewu fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, èyí tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù. Ìlú New Orleans pẹ̀lú gbé ère irin 17 kalẹ̀ ní àwọn ojúkò rẹ̀, ère ènìyàn tó na ọwọ́ sókè bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró, láti fi ibi tí bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ yóò ti gbé ẹni tí kò ní mọ́tò hàn.

Kúbà ti gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà ṣáájú wọn. Lẹ́yìn tí ìjì Flora pa ènìyàn tó lé ní 1,000 níbẹ̀ ní 1963, ìjọba dá ẹ̀ka ààbò ìlú sílẹ̀, láti 1986 sì ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà ti ń fi ọjọ́ méjì ṣe ìdánrawò lọ́dọọdún ní oṣù Karùn-ún, kí àkókò ìjì tó wọlé. Ìkìlọ̀ wọn pín sí ìpele mẹ́rin, láti ìfitónilétí títí dé àtúnṣe lẹ́yìn ìjì, wọ́n sì mọ ẹni tó ní láti kúrò ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹni tí yóò gbé e, àti ilé tí yóò sùn. Nígbà tí ìjì Michelle kọlù wọ́n ní 2001, nǹkan bí 700,000 ènìyàn ni wọ́n kó kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn tó kú jẹ́ márùn-ún. Orílẹ̀-èdè tí kò lówó ni, ìṣàkóso rẹ̀ sì ní ìnira tirẹ̀ fún àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ kíka ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ mọ́ ètò, ó fi ọ̀nà jìn sí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó lọ́rọ̀.

Òkun gbígbóná ti wá ń dán ètò New Orleans wò ní ọ̀nà tuntun. Ìjì Ida, tó wọ Louisiana ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2021, ọdún 16 gééré lẹ́yìn Katrina, le sí i kíákíá lórí omi tó fi jẹ́ pé kò sí wákàtí 72 tí ìlú náà nílò láti yí ojú ọ̀nà padà kí wọ́n sì kó gbogbo ènìyàn jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tulane dúró nínú ilé ìgbé wọn títí ìjì fi kọjá. Bèbè tuntun kò já, ṣùgbọ́n iná gbogbo ìlú kú, yunifásítì náà sì háyà bọ́ọ̀sì, ó kó àwọn tó kù lọ sí Houston ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn ìjì. Ètò tí wọ́n ṣe fún ṣáájú ìjì ni wọ́n lò lẹ́yìn rẹ̀, àdéhùn bọ́ọ̀sì tó ti wà sì jẹ́ kí ó ṣeé ṣe.

Ibi ìsádi gan-an ni ìbéèrè tó kù. Gbogbo àdéhùn wọ̀nyí dúró lórí èrò pé bí ènìyàn bá ti jìnnà sí òkun tó ni yóò ti bọ́ lọ́wọ́ ìjì tó. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, nígbà tí ìjì Florence ń bọ̀ wá bá Wilmington, ìlú etíkun ní North Carolina, ẹ̀ka Yunifásítì North Carolina tó wà níbẹ̀ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ibi tí wọ́n lè lọ sínú bọ́ọ̀sì lọ sí ẹ̀ka Asheville, láàrin òkè, ní ibi tó jìnnà ju 400 kìlómítà lọ. Ìpinnu tó dára ni nígbà náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2024, ìjì Helene, tó ti wọlé láti etíkun Florida ní alẹ́ àná rẹ̀, gun ilẹ̀ dé Asheville pẹ̀lú òjò tó mú odò borí afárá àti ọ̀nà, tó sì já páìpù ńlá tó ń gbé omi wá sí ìlú. Iná kú, fóònù kò lọ, ẹ̀ka Asheville sì ní láti rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ jáde lọ wá ibi ìsádi. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá, nítorí pé omi ẹ̀rọ ìlú náà kò tíì ṣeé mu. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ni àwọn aláṣẹ tó sọ pé kí àwọn ará Asheville máa mu ún láìsè.